Ìyá Eléku ti Egan

Bí ẹ bá dé Egan tí ẹ ń bèèrè Mọ̀dínátù, ìyàwó Jàfárù káfíńtà, wọ́n á ní kí ẹ lọ bèèrè lójúlé kejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pe Ìyá Eléku, ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì á dìde, á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà kì í ta eku, kì í sì í dẹ pàkúté. Ó ń tọ́jú eku ni, ó sì ń gba owó oṣù lórí ẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbà gbọ́ títí tó fi kú. Ìyá náà máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ òun l'Ékòó, nítorí kò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé ìyókù.

Ilé ìwádìí kan wà nítòsí Gowon Estate. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin àwọn eku funfun olójú pupa, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi kíndìnrín ṣe. Mọ̀dínátù ló ń fọ kéèjì wọn, òun ló ń pààrọ̀ ẹ̀rún pákó tí wọ́n ń sùn lé, òun ló ń bu oúnjẹ àti omi fún wọn. Jàfárù ọkọ rẹ̀ ló tilẹ̀ máa ń bá a kó ẹ̀rún pákó náà láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Á sọ àpò kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, á ní:

"Ìyá Eléku, ibùsùn àwọn ọmọ rẹ dé o. Bá mi kí wọn."

"Wọ́n ní kí Bàbá kú iṣẹ́."

"Kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Kí wọ́n ṣáà má tẹ̀ lé ọ wálé."

Dókítà Ọláṣùmbọ̀ ni ọ̀gá iṣẹ́ náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Mọ̀dínátù lè bí lọ́mọ, tó sì mọ ọ̀wọ̀ ṣe. Ọjọ́ tí Mọ̀dínátù kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé.

"Mà, a ò lè la èèyàn láàyè ká máa wo bí bípí ṣe ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Eku ló ń bá wa jẹ ìyà náà."

"Ṣé eku gbà bẹ́ẹ̀, àbí ẹ ò bi í?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀. "A ò bi í, Mà."

"Mo mọ̀. Kí Ọlọ́run forí jì wá."

Bí wọ́n ṣe ń wọn bípí eku ló pa Mọ̀dínátù lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á ti eku sínú ọ̀pá ike kan tó há, kó má lè yí padà. Wọ́n á jẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀já kékeré wé ìrù rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wé tiwa mọ́ apá. Ó délé, ó ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, Jàfárù sì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn eku náà sí, àwọ̀ tó wà lára kéèjì ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ń mu omi lásán. Àwọn yòókù, wọ́n ti yọ kíndìnrín kan lára wọn, kí èyí tó kù lè máa dá ẹrù rù, wọ́n sì ń fún wọn ní omi oníyọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè ru. Àwọn aláwọ̀ pupa ò gba oògùn kankan. Àwọn aláwọ̀ ewé ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti àwọn aláwọ̀ búlúù, ìgbà tí kíndìnrín wọn bá ti ń bàjẹ́ ni wọ́n tó máa bẹ̀rẹ̀ oògùn fún wọn.

Ohun tó máa ń ya Mọ̀dínátù lẹ́nu ni pé àwọn eku aláwọ̀ pupa ò jọ aláìsàn. Wọ́n ń jẹun dáadáa, wọ́n ń jà, wọ́n ń gun irin kéèjì bí ẹni fẹ́ sá lọ sí Ikotun. Inú ìtọ̀ wọn nìkan ni Dókítà ti ń rí i pé nǹkan ń jò tí kò yẹ kó máa jò. Títí di ọjọ́ kan. Wàá dé láàárọ̀, ọ̀kan á ti ká jọ sí igun, irun rẹ̀ á dúró ṣánṣán, omi á wà níwájú rẹ̀ tí kò ní lè mu.

Ẹ jẹ́ ká fi eku sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ̀rọ̀ ọkọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Jàfárù. Àfàìmọ̀ kí ìdajì òrùlé Egan títí dé Akesan má jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó lè dúró lórí igi àjà lọ́sàn-án gangan, ìṣó láàárín eyín, kó sì máa bá ẹni tó wà nílẹ̀ ṣàwàdà. Kì í ṣàìsàn. Ìṣó kan tó gún un lẹ́sẹ̀ ló gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì ní kí òun kúkú wọn bípí rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà rí ohun tí ẹ̀rọ sọ, ó tún un wọ̀n. Wọ́n kọ oògùn fún un, wọ́n ní títí ayé ni kó máa lò ó.

Jàfárù lò ó títí ẹ̀fọ́rí tó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ fi lọ. Ó wá so ọ̀rá oògùn kọ́ ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò fọwọ́ kàn án mọ́.

"Bàbá Zikrullah, ẹ ò lo oògùn yín."

"Kí ló ń dùn mí?"

"Kì í dunni. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Àìsàn tí kò dunni, tí kò dáni dùbúlẹ̀, tí kò ní kéèyàn má jẹun, irú àìsàn wo nìyẹn? Mọ̀dí, fi mí sílẹ̀ jàre. Lọ bá àwọn eku rẹ."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bínú. Ó pe Zikrullah ọmọ wọn ní Ìlọrin pé kó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bàbá náà sì fi ẹ̀rín pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọmọ lẹ́nu. Èyí tó wá bà á lẹ́rù ni ohun tó rí nínú balùwẹ̀. Jàfárù jáde níbẹ̀, Mọ̀dínátù wọlé láti da omi sí i, ó rí i pé ìtọ̀ náà hó bí omi ọṣẹ, kò sì rọlẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó dúró pẹ̀lú kórobá lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó ń wò. Ó ń bá wọn gbé ìtọ̀ eku lọ fún àyẹ̀wò lójoojúmọ́.

Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bẹ eku pé kó gbé oògùn mì. Inú omi ni wọ́n ń fi í sí. Ẹni tó bá ní òun máa dúró dìgbà tí eku máa gba ìmọ̀ràn, eku á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìrònú yìí ni Mọ̀dínátù gbé délé. Ó já hóró oògùn kan láti inú ọ̀rá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìdí ṣíbí lọ̀ ọ́ kúnná, ó pe Bísímílàhì, ó rò ó mọ́ ògì ọkọ rẹ̀. Jàfárù mu ún, ó ní ògì náà dùn. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà bá gba àáwẹ̀, ó di ìgbà ìṣínu.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣe. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin lè kanra mọ́ ọkọ, ó lè kó lọ sílé bàbá rẹ̀ kó tún padà wá, wọ́n á bá a parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó fi ohun tí ọkọ ò mọ̀ sínú oúnjẹ ọkọ! Kódà kó jẹ́ oyin, ẹbí á ní májèlé ni. Mọ̀dínátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá kírun tán, ohun tó máa ń sọ fún Ọlọ́run ò ju pé, "Ìwọ lo mọ inú."

Oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn elétò ìlera wá wọn bípí àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun. Ó kan Jàfárù, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ti wálẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ fún Lèmọ́mù, Lèmọ́mù ní kó dìde kó sọ fún gbogbo èèyàn kí ìgbàgbọ́ wọn lè le sí i. Jàfárù tún agbádá ṣe.

"Ẹ̀yin ará mi, ìgbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ní kí n máa jẹ oògùn títí n ó fi kú. N kò fẹnu kàn án mọ́! Àáwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì ni mo gbámú. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ṣe é."

"Allahu Akbar!"

Mọ̀dínátù wà ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Àwọn tó jókòó tì í ń gbá a léjìká, wọ́n ń bá a yọ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ní, "Àmín." 

Bó bá parí síbẹ̀, bóyá Ọlọ́run ì bá bò ó. Ṣùgbọ́n Jàfárù ní ọ̀rẹ́ kan, Wàsíù aránṣọ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti fà lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rí. Wàsíù bá wọn rìn délé lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ó ń mi orí.

"Jàfárù, o ti là mí lójú. Òógùn ojú mi ni àwọn kẹ́míìsì wọ̀nyí ń jẹ. Mo ń ju tèmi nù lọ́la, èmi náà á máa gba àáwẹ̀."

"Jù ú nù jàre," ni Jàfárù wí.

Mọ̀dínátù ń gbọ́ wọn láti ibi tó ti ń ṣa ìrẹsì. Ó ṣa á, ó ṣa á, kò mọ ohun tó ń ṣà mọ́. Ó lè tan ọkọ ara rẹ̀ kó lè wà láàyè. Ṣé ó wá lè dákẹ́ kí ọkọ ẹlòmíì kú sí i? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fi gèlè borí, ó lọ bá Fàthíà, ìyàwó Wàsíù, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un.

"Fàthíà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó jù ú nù. Kì í ṣe àáwẹ̀ nìkan. Oògùn wà nínú ògì."

 Fàthíà búra pé òun ò ní sọ. Ó sì pa ìbúra náà mọ́ títí ó fi dé ibi ẹ̀rọ omi.

Wàsíù ò ju oògùn rẹ̀ nù, ìyẹn dájú. Títí di òní ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rìn. Nígbà tó fi máa dé Ikotun, níbi tí Ganiyat ẹ̀gbọ́n Jàfárù ti ń ta ike àti báfù, ó ti sanra lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìyàwó àbúrò rẹ̀ ń lọ nǹkan sí oúnjẹ ọkọ, nǹkan tí wọ́n fi ń dán eku wò níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Jàfárù! Ọkùnrin tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ọjọ́ Sunday ni Ganiyat dé, lọ́sàn-án, nígbà tó mọ̀ pé Jàfárù á wà nílé. Kò jókòó.

"Ìyàwó, kí lo ń fún àbúrò mi jẹ?"

Mọ̀dínátù ti kúnlẹ̀ kí i. Kò dìde mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"N ò jókòó. Kí ló wà nínú ògì?"

Jàfárù tó ń pọ́n ayùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbé ojú sókè. "Ògì wo?"

Mọ̀dínátù dìde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó já ọ̀rá oògùn wá, ó gbé e síwájú wọn méjèèjì. "Oògùn ọsibítù rẹ̀ ni. Òun ni wọ́n kọ ọ́ fún. Kò sí nǹkan mìíràn, mo fi Kùránì búra."

"Bó bá jẹ́ oògùn rere, kí ló dé tí o ò gbé e fún un lójú?"

"Kò gbà á ni, Àǹtí."

"Kò gbà á! Bí ọkọ ò bá gba nǹkan, ìyàwó á wá rò ó mọ́ oúnjẹ? Ṣé bí ìyá rẹ ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

Jàfárù gbé ayùn sílẹ̀. Ó ń wo ọ̀rá náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Ganiyat gan-an dákẹ́.

"Nígbà tí wọ́n wọ̀n mí ní mọ́ṣáláṣí, ó ti wà nínú rẹ̀?"

"Ó ti wà nínú rẹ̀, Bàbá Zikrullah."

"O jẹ́ kí n dìde nílé Ọlọ́run, kí n jẹ́rìí èké. O sì ń ṣàmín."

 Mọ̀dínátù ti ń retí pé ọkọ òun á bínú nítorí oògùn. Kò ro ti ìjẹ́rìí rárá.

"O wò mí, Mọ̀dí, o rí eku."

Ó gbé ayùn rẹ̀, ó jáde.

Kò nà án, kò lé e. Ó ń dá a lóhùn bó bá kí i, ó ń fún un lówó oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ilé olóúnjẹ ló ń lọ, tàárọ̀ tọ̀sán, ọbẹ̀ oníyọ̀ àti èyí tí wọ́n da magí bo ojú rẹ̀. Nínú ilé ara rẹ̀, omi inú ọ̀rá tí òun fúnra rẹ̀ bá fi eyín já nìkan ló ń mu. Oògùn náà, ó kó o dà sí ṣáláńgá. Kò bá a gbé ẹ̀rún pákó wá mọ́ pẹ̀lú. Mọ̀dínátù gba mọ́ṣáláṣí lọ bẹ Lèmọ́mù, Lèmọ́mù bá Jàfárù sọ̀rọ̀, ó ní kó dárí jì í kó sì máa lo oògùn. Jàfárù ní òun ti dárí jì í. Ó ní oúnjẹ nìkan ni òun ò lè jẹ.

Mọ̀dínátù wá mọ ibi tí òun ti ṣìnà. Ó ti rò pé, bí oògùn kan náà bá lè wo eku àti èèyàn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà fún àwọn méjèèjì. Eku ò ní orúkọ tí wọ́n lè bà jẹ́. Eku ò ní ibi tó ti máa dìde jẹ́rìí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí ọdún fi yípo. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bó bá bọ́ bàtà, ó ń wo ojú rẹ̀ láàárọ̀ bóyá ó wú. Bí ọkùnrin náà bá ti balùwẹ̀ jáde, á sáré wọlé kí ìfófó ìtọ̀ náà tó rọlẹ̀. Ìfófó náà ń pọ̀ sí i.

Àkókò wá tó láti la àwọn eku tó kù. Mọ̀dínátù kì í dúró wo ìyẹn; ó máa ń wá iṣẹ́ ṣe níta. Lọ́jọ́ yìí, ó wọlé, ó dúró. Dókítà Ọláṣùmbọ̀ to àwọn kíndìnrín náà sínú abọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, wọ́n ń dán, wọ́n pọ́n bí obì. Ti aláwọ̀ pupa ti ṣá, ó le, ara rẹ̀ rí kókókó bí awọ ọ̀pọ̀lọ́.

"Ti búlúù ńkọ́, Dókítà? Àwọn tí ẹ fún lóògùn nígbà tó yá?"

Dókítà fa abọ́ kan súnmọ́ ọn. Kò nílò kó ṣàlàyé. Ara tiwọn náà rí kókókó.

"Oògùn náà fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn, Mà. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti le, ó ti le nìyẹn. Egbò á jinná, àpá rẹ̀ ò ní parẹ́."

Mọ̀dínátù ò gbé ojú kúrò lára abọ́ náà. Dókítà wò ó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ike ọwọ́ rẹ̀.

"Mà, ta ni?"

Ó sọ fún un. Dókítà fúnra rẹ̀ pe Jàfárù lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ṣe ń bẹ bàbá pé kó lọ ṣàyẹ̀wò. Jàfárù dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́run á fún un ní ọkọ rere. Dókítà ti lọ́kọ. Jàfárù ò lọ.

Orí òrùlé ilé kan ní Akesan ni èémí ti dá a dúró. Ó jókòó lórí igi àjà, kò lè sọ̀kalẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi okùn gbà á lábíyá, wọ́n sọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ẹní sọ páànù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n yàwòrán ikùn rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ rọra sọ fún Mọ̀dínátù àti Ganiyat pé kíndìnrín méjèèjì ti sún kì, wọ́n ti le, àti pé ẹ̀rọ lá máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ganiyat bú sẹ́kún. Mọ̀dínátù ò sunkún. Ó ti rí i nínú abọ́.

Nọ́ọ̀sì wá wé ọ̀já bípí mọ́ apá Jàfárù lórí bẹ́ẹ̀dì. Jàfárù wo apá náà, ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìrù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ tiyín, àbí?"

Ọ̀rọ̀ àwàdà àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọjọ́ ayùn nìyẹn. Mọ̀dínátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó parí, nọ́ọ̀sì náà ò mọ èyí tí òun ì bá bá a ṣe.

Bí ẹ̀rọ bá fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀, á tún wú padà. Zikrullah ti Ìlọrin dé, àbúrò rẹ̀ Qonitah ti ilé ọkọ dé. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń wá. Gbogbo wọn ń sọ pé kò ní burú, Jàfárù ń ṣe àmín, ojú rẹ̀ ò sí lára wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé láti sinmi kí ọjọ́ ẹ̀rọ mìíràn tó pé, ó dúró kí àwọn ọmọ lọ kírun alásàrí, ó ní kí Mọ̀dínátù wá jókòó.

"Mọ̀dí, àwọn eku rẹ. Àwọn tí wọ́n tètè fún lóògùn, kí ló gbẹ̀yìn wọn?"

"Kíndìnrín wọn ò bàjẹ́."

"Àwọn tí wọn ò fún rárá ńkọ́? Wọ́n kú, àbí?"

"Wọ́n kú."

"Ṣé àwọn kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀, tí wọ́n wá fún nígbà tó yá?"

Mọ̀dínátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó lè sọ pé kò sí. Ó lè sọ pé ara wọn yá. Irọ́ tó fẹ́ pa fún un báyìí kéré sí èyí tó ti pa nínú ògì, Ọlọ́run á sì tún mọ inú. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń wò ó bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kò fẹ́ kí ojú náà tún kúrò lára òun.

"Wọ́n wà. Ó fi ọjọ́ díẹ̀ kún tiwọn. Wọn ò padà bọ̀ sípò."

Jàfárù mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. "O ṣeun," ló wí. "Gbogbo wọn ló ń parọ́ fún mi." Nígbà tó yá, ó ní, "Pe Àǹtí wá fún mi. Pe Zikrullah. Bí Wàsíù bá wà níta, kó wọlé."

Wọ́n wọlé, wọ́n dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká. Jàfárù ní kí wọ́n gbé òun jókòó.

"Ìyá Zikrullah, oògùn mi dà?"

Mọ̀dínátù gbé e wá, hóró oògùn lórí àtẹ́lẹwọ́, omi nínú ife. Jàfárù ò fi ọwọ́ gbà á. Ó ya ẹnu, bí ọmọdé, kí obìnrin náà fi í sí i lẹ́nu.  Mọ̀dínátù pe Bísímílàhì sókè, gbogbo wọn gbọ́, ó fi oògùn náà sí i lẹ́nu, ó gbé omi fún un. Ó mu ún, láti inú ife.

"Àǹtí," ni Jàfárù wí, "ẹ rí ohun tó fún mi?"

"Mo rí i, Jàfárù."

"Ohun tó ti ń fún mi látẹ̀yìn náà nìyẹn. Èmi ni mo dá a dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín lẹ́yìn mi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Kó má jẹ́ òun."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní sí lẹ́yìn rẹ."

"Àǹtí."

"Mo gbọ́. Mo gbọ́, ọmọ ìyá mi."

Láti ìrọ̀lẹ́ náà, oúnjẹ ọwọ́ Mọ̀dínátù nìkan ló ń jẹ, ìwọ̀nba tó bá lè wọlé, láìsí iyọ̀. Ó ń ráhùn pé kò ládùn. Ó ń gba oògùn láàárọ̀. Kò dé ọjọ́ ẹ̀rọ kẹta tí èémí rẹ̀ fi há, tí wọ́n gbé e lọ, tí wọn ò sì gbé e padà wálé mọ́ bí ẹni tó ń mí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn ṣe pa á láṣẹ.

Mọ̀dínátù wọ tákàbá, ọ̀fọ̀ opó. Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, èrò kún inú àgbàlá, ó sì jókòó nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé. Obìnrin kan tó wá láti Ọ̀yọ́, mọ̀lẹ́bí ọ̀nà jíjìn, rọra bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ṣé kì í ṣe ìyàwó yìí ni wọ́n ní ó fi nǹkan sí oúnjẹ. Kò rọra tó. Ganiyat tó ń pín sààrà dúró.

"Ìwọ, dìde kí n rí ọ. Ojú mi ni wọ́n ṣe é. Mo dúró níbẹ̀. Oògùn ọsibítù ló ń fún un, àbúrò mi ló ní òun ò jẹ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá tún kù lẹ́nu rẹ, èmi ni kí o sọ ọ́ fún."

Ariwo rọlẹ̀ nínú àgbàlá. Ẹnì kan ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Wọ́n ń bá sààrà lọ.

Mọ̀dínátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúpẹ́, ó sì dúpẹ́, lọ́kàn, bó ṣe tọ́. Orúkọ rẹ̀ ti mọ́ lójú ẹbí ọkọ. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá bi í léèrè níbi tó jókòó sí yẹn, ì bá kúkú sọ pé kí wọ́n máa bú òun lọ láti Egan dé Ọ̀yọ́, kí wọ́n máa pe òun ní ohun tó bá wù wọ́n, kí Jàfárù sì máa jẹun káàkiri nílé olóúnjẹ, kó máa kọjá níwájú òun láìbojúwẹ̀yìn, tòun ti ayùn rẹ̀ lábíyá.